ONÍLÉ ÀTI ÀLEJÒ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌWÉ RÚÙTÙ

Kò sí ìlú tí kì í gba àlejò, kò sì sí ìran ènìyàn tí kò ṣe àlejò rí. Irú ọwọ́ wo ni ó yẹ kí onílé fi gba àlejò? Irú ìwà wo ni ó sì yẹ kí àlejò hù sí onílé? Ìwé Rúùtù, tí ó wà nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù, dá wa lóhùn.

Ìyàn mú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Élímélékì kó Náómì aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn méjèèjì, ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Móábù. Ibẹ̀ ni ó kú sí. Àwọn ọmọ náà fi ọmọ ilẹ̀ Móábù ṣe aya, ṣùgbọ́n àwọn pàápàá kú láìbímọ. Nígbà tí Náómì gbọ́ pé oúnjẹ ti wà nílé, ó dìde láti padà, ó sì rọ àwọn aya ọmọ rẹ̀ pé kí olúkúlùkù padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ọ́pà sunkún, ó sì padà. A kò gbọdọ̀ bá a wí, nítorí ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n Rúùtù kọ̀ jálẹ̀. Ó búra pé òun kò ní fi Náómì sílẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Kò sí ogún tí ó ń retí, kò sì sí ọkọ tí ó ń dúró dè é. Èyí ni à ń pè ní ìṣòótọ́: kí ènìyàn dúró ti ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi san oore náà mọ́.

Ìgbà ìkórè ọkà báálì ni wọ́n dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Òfin Mósè pàṣẹ fún àgbẹ̀ pé kí ó má ṣe kórè dé igun oko, kí ó má sì ṣe ṣa èyí tí ó bọ́ sílẹ̀, nítorí ti tálákà àti àlejò ni. Rúùtù lọ pèéṣẹ́ ní oko Bóásì, ìbátan Élímélékì. Ìbá rọrùn fún Bóásì láti lé e, nítorí ìjà ti pẹ́ láàárín Móábù àti Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí í ṣe, nígbà tí ó sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orúkọ ìlú rẹ̀ ni ó wò, bí kò ṣe ìwà tí ó hù sí Náómì. Ó fún un ní oúnjẹ, ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀ kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní kí àwọn olùkórè mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkà sílẹ̀ fún un. Níkẹyìn, ó fi í ṣe aya. Rúùtù bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè sì bí Dáfídì ọba.

Ìdí tí Òfin fi dáàbò bo àlejò ni pé àwọn Hébérù ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì. Àwa náà ti ṣe é rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Ẹni tí a lé lánàá ti gbàgbé, ó ti di ẹni tí ń lé ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àríwá Èkìtì gidigidi. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ebira ti ń dá oko ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 2011 tí a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ni àwọn ọmọ láti igun gbogbo Nàìjíríà ti ń gba yàrá lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba Èkìtì méjì ní ojú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé. Irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ènìyàn fura sí gbogbo àjèjì. Òfin Mósè kò ní kí a di ojú wa. Ó ní òfin kan náà ni kí ó wà fún onílé àti àlejò. Kí a wá apànìyàn rí, kí a sì dá a lẹ́jọ́, ìbáà ṣe ọmọ ìlú tàbí àjèjì. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ru gbogbo ẹ̀yà rẹ̀.

Nítorí náà, kí àlejò tí ó gba ilẹ̀ dáko san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ṣèlérí; kí onílẹ̀ má sì fi kún un nítorí pé oko náà dára. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí Rúùtù bá jẹ́ olóòótọ́ tí kò sí Bóásì, ebi ni yóò pa á. Bí Bóásì bá sì lé e kúrò lóko, ta ni ìbá bí Dáfídì?

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Ọ́pà ṣe àti ohun tí Rúùtù ṣe?
2. Kí ni Bóásì wò kí ó tó ṣe Rúùtù lóore?
3. Ṣàlàyé pèéṣẹ́ àti ìṣákọ́lẹ̀.
4. Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: ‘Ojúṣe Àlejò àti Ojúṣe Onílé ní Ìlú Mi’.