EPO WO NI EPO ÌBỌN?

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Bí ẹ bá sọ èyí níwájú ọdẹ tí ó mọ iyì ìbọn rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní omi ní ọ̀tá kan, irin ni. Èrò yìí ni mo bá nílé tí mo fi dàgbà. N kò mọ̀ pé ó lè ba ìbọn jẹ́ títí mo fi rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ṣakabùlà ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ọdẹ ni bàbá yìí, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé, yóò rẹ àkísà sínú epo òyìnbó, ìyẹn kẹrosíìnì, yóò kì í bọ ẹnu ìbọn, yóò sì máa fi ọ̀pá tì í wọlé, fà á jáde, títí àkísà yóò fi máa jáde ní mímọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi epo pupa díẹ̀ pa á lára, tí yóò sì gbé e kọ́. Ní ọdún kan, àìsàn dá a dúró sílé ní gbogbo ìgbà òjò. Nígbà tí ó gbé ìbọn náà sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ ti dógùn-ún, ìpáàrà sì ń dà jáde bí áṣáà. Alágbẹ̀dẹ tí ó gbé e lọ bá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yìn ín mọ́, nítorí pé irin rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá bẹ́, ọwọ́ tí ó fi dì í mú ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ. Ohun tí bàbá ń tún sọ títí ilẹ̀ fi ṣú ni pé, "Ṣebí epo ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀!"

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa ni ó tàn wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ni epo. Ti ọ̀pẹ ni a ń pè ní epo pupa. Kẹrosíìnì dé, a sọ ọ́ ní epo òyìnbó. Èyí tí a ń rọ sínú ọkọ̀, a ní epo mọ́tò. Orúkọ jọ orúkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò jọ iṣẹ́. Ọ̀kan ń tú ìdọ̀tí, òmíràn ń bo irin lára. Bẹ́ẹ̀ èdè yìí kan náà ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: a ń fọ nǹkan, a ń nu nǹkan, a sì ń fi nǹkan pa nǹkan lára. Ẹni tí kò wẹ̀, tí ó fi òrí para, kò tíì mọ́.

Kí wá ni ó wà nínú ìbọn tí a fẹ́ fọ̀? Ẹ̀tù ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀tù, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium nitrate, 15 jẹ́ èédú, 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Bí iná bá ràn án, ohun tí ó lé ní ìdajì rẹ̀ kì í di afẹ́fẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni èéfín funfun tí a ń rí, ìyókù a sì lẹ̀ mọ́ inú irin. Èyí tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni potassium carbonate. Kí orúkọ yìí má dẹ́rù bà wá. Òun náà ni ó wà nínú eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹni tí ó bá ti sun eérú ọṣẹ rí mọ̀ pé bí a kò bá dé e dáadáa, yóò máa fa ọ̀rinrin mọ́ra títí yóò fi tutù. Ohun tí ó jókòó sínú ṣakabùlà ní gbogbo ìgbà òjò nìyẹn. Kì í sì í ṣe ṣakabùlà nìkan: ìbọn Snider tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó lásìkò ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ẹ̀tù dúdú yìí náà ni ó ń lò.

Ẹ bu iyọ̀ ọbẹ̀ díẹ̀ sínú kẹrosíìnì, kí ẹ rò ó di ọ̀la. Ibẹ̀ ni ẹ ó bá a. Kẹrosíìnì a máa kó èédú àti ọ̀rá, ìdí nìyí tí àkísà fi ń jáde ní mímọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò kúrò. Epo pupa tí bàbá fi lé e, ńṣe ni ó ń sé iyọ̀ mọ́lé. Omi ni ó lè kó o, àní omi gbígbóná tí ó ń hó, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn ìbọn náà dé ìdí, kí ó dáni lójú pé kò sí ohun tí a kì sínú rẹ̀. Kí ẹ yọ irin kúrò lára igi, kí igi má baà wú, kí ẹ da omi sí i lẹ́nu, kí ó máa gba ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé jáde. Nítorí pé irin ti gbóná, kíákíá ni ó ń gbẹ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí ẹ̀tù aláìléèéfín dé ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ṣì ń da omi gbígbóná sínú ìbọn wọn, torí pé ohun tí ń ràn iná sí ẹ̀tù nígbà náà ń fi iyọ̀ sílẹ̀.

Ti ìbọn kátíríìjì òde òní yàtọ̀. Èédú àti òjé ni ó sábà máa ń kù sínú rẹ̀, kẹrosíìnì sì tó fún un. Bẹntiróòlù lágbára ju kẹrosíìnì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ a máa rìn nílẹ̀ lọ bá fìtílà. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lò ó.

Ó wá ku èyí tí a óò fi pa á lára. Ẹnu mi kò gbà á láti bú epo pupa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òyìnbó ń rà á ní etíkun wa, wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì fi ń pa ìdí àgbá kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin kí ó lè yí geere. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ń yí lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi epo tuntun kún un. Ìbọn a máa wà lórí ìkọ́ fún oṣù mẹ́ta. Epo pupa tí ó bá pẹ́ yóò kan, kíkan yẹn ni ó ń jẹ irin, tí ó sì ń sọ idẹ di àwọ̀ ewé. Bí ọyẹ́ bá dé, yóò dì. Òkúta tí ó yẹ kí ó já lu irin kí iná ṣẹ́ yóò wá máa já bí ẹni tí oorun ń kùn. Àdín kì í tètè kan tó o, ìyẹn ni mo fi rò pé àwọn àgbà tí ó yàn án kò ṣìnà, àmọ́ òun náà ń dì nínú ọyẹ́. Òróró ẹ̀pà ni kí a má tilẹ̀ dárúkọ: ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn agbada alákàrà, kí ẹ wo bí ó ti ń lẹ̀. Ní ti epo tí a ń ta sílẹ̀ fún Ògún, ẹbọ nìyẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Òróró tí àwọn aránṣọ ń kán sí ẹ̀rọ wọn ni mo fara mọ́. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa epo tí wọ́n fi ṣe é, kì í kan, kì í sì í dì ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀kán kan tó fún oríkèé irin kan. Fún inú ìbọn tí yóò gbélé ní ìgbà òjò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun dára, torí pé ó ki jù ú lọ. Dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù kò dára rárá, ó ti kó kíkan àti ìyẹ̀fun irin jọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Àpọ̀jù epo náà léwu. Epo tí ó bá kan ẹ̀tù, ẹ̀tù náà lè má gbiná. Ó sì lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó dún, nígbà tí ọdẹ ti ń yí ẹnu ìbọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti wò ó. Nítorí náà àkísà gbígbẹ ni a fi ń nu inú rẹ̀ kí a tó kì í. Bí a bá yìn ín tí kò dún, kí a ṣì kọ ẹnu rẹ̀ sí igbó fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá ti ra ìbọn mìíràn báyìí, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Ìyàwó wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kẹ́tùlù òun mọ́. Ó ní tíì ń rùn imí ọjọ́.