Ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́: kí ni ojúṣe ọ̀gá, kí ni ti òṣìṣẹ́?

Bí ayùn bá gé ọmọ iṣẹ́ níka ní sọ́mìlì, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni, "Àmúwá Ọlọ́hun ni." Òótọ́ ni, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́hun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló yọ ìbòrí irin kúrò lórí ayùn kí iṣẹ́ lè yá? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí kí á tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ìbòrí ayùn ni okùn ràkúnmí tiwa.

Bí ìka bá gé bọ́, ẹ má ṣe da kẹrosín sí ojú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí omi rẹ díẹ̀ wé ìka tó bọ́, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà lé orí yìnyín. Ìka fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan yìnyín. Òun àti ẹni tó ni ín ni kí wọ́n jọ dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ìwé, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń sùn. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010 ní kí ẹni tó farapa sọ fún ọ̀gá tàbí alábòójútó láàárín ọjọ́ 14: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Bí ẹnìkan bá kú, lójú ẹsẹ̀ ni. Inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá ni àjọ náà ti ń sanwó, náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní ẹ kò gba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àdéhùn ẹnu tó. Òfin náà ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ́ òṣìṣẹ́.

Ọ̀gá tó san owó oògùn, tó tún gbé ìrẹsì wá kí aláìsàn, ṣeun. Ìyẹn kò ní kó má kọ ìwé. Bí ó bá sì ní kí ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ kò ní béèrè nǹkankan, òfin kò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín ka ọjọ́ 14 yẹn láti ọjọ́ ìjàǹbá, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ kúrò ní ọsibítù.