Títún Aago Ínfátà Ṣe àti Pípa Fáìlì Ètò Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin adìẹ mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni ẹyin fi ń gba ooru kí ó tó di òròmọdìẹ. Ìdí nìyí tí ínfátà, ẹ̀rọ tí ń fi bátìrì gbé iná ró, fi ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Irú èyí tí a lè fi kọ̀ǹpútà bójú tó a máa ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí ó dé. Ṣùgbọ́n bí aago inú rẹ̀ kò bá tọ́, irọ́ ni àkọsílẹ̀ náà yóò máa pa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Iná lọ ní aago kan òru. Olùṣọ́ tan ẹ̀rọ amúnáwá ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 10, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò Greenwich ni ínfátà ń lò. Ó kọ ọ́ pé aago 12 ni iná lọ. Bí ìgbìmọ̀ bá fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wé ara wọn, wọn yóò rò pé olùṣọ́ sùn fún ìṣẹ́jú 70. Bí ẹyin bá sì bàjẹ́, olóòótọ́ ni yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì ní wá ohun tí ó ba ẹyin jẹ́ gan-an.

Bí ẹ ó ti tún aago ṣe nìyí:

1. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ínfátà wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà àdírẹ́sì ínfátà, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, kí ẹ sì wá ojú ìwé ọjọ́ àti àkókò.

2. Ẹ yan àkókò Nàìjíríà, UTC+1, tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich. Àwọn orílẹ̀-èdè kan a máa sún aago síwájú fún ìgbà kan nínú ọdún. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ètò yẹn.

3. Ẹ kíyè sí bí ẹ̀rọ ti ń kọ ọjọ́. Lọ́dọ̀ wa, 04/03 ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni.

4. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ jẹ́ kí ínfátà máa gba àkókò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní sáfà NTP. Ẹ kọ sáfà méjì sílẹ̀, kí èkejì lè dáhùn bí èkíní bá dákẹ́. Àkókò UTC ni sáfà ń fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ìlànà kejì ṣì di dandan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ẹ fi ọwọ́ tún aago ṣe, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

5. Bí ọjọ́ bá padà sí ọdún àtijọ́ lẹ́yìn tí a pa ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí bátìrì kékeré inú aago ti kú. Ẹ pe oníṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì ètò ẹ̀rọ náà. Ẹ kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kí òmíràn wà ní ilé mìíràn. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ̀dà yìí ni yóò dá gbogbo ètò padà.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún ínfátà kejì tí ó jẹ́ irú kan náà, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ìlà àdírẹ́sì àti orúkọ kúrò. Ẹ̀rọ méjì kò gbọdọ̀ ní àdírẹ́sì kan náà, nítorí wọn yóò máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ní ìparí, nígbà tí ẹyin kò sí nínú ẹ̀rọ, ẹ pa iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ínfátà wé aago ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá bára mu, kí akọ̀wé kọ ọjọ́ ìdánwò náà sínú ìwé ẹgbẹ́. Àfi lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.