Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá: Bí A Ṣe Ń Ta Òkìtì Ẹ̀yìn

Nínú gbogbo àròkọ tí wọ́n lè bi ọ́ nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, èyí tí ó ní kí o ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nǹkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú tín-ín-rín wò jù lọ. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ àwọn ti mọ iṣẹ́ náà, ẹnu àwọn náà yóò mọ̀ ọ́n sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ti ń se ìkọ́kọrẹ́ láti ogún ọdún lè má lè sọ ìwọ̀n iyọ̀ tí ó ń bù sí i fún ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo mú fún ẹ̀kọ́ yìí ni òkìtì ẹ̀yìn. Má ṣe rẹ́rìn-ín. Mo ní ìdí tí mo fi mú un.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2002, nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà pàdé ti Sweden ní ìlú Kobe, ní ilẹ̀ Jàpáànì, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, Julius Aghahowa fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìtì léraléra lórí pápá. Sweden ni ó borí ní ọjọ́ náà, 2 sí 1. Góòlù yẹn nìkan ni Nàìjíríà sì rí gbá wọlé nínú gbogbo ìdíje náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi rí. Òkìtì ni wọ́n rí. Mo ń kọ́ni nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí àkókò ìsinmi kan tí wọn kì í wà lórí iyanrìn ẹ̀yìn kíláàsì, tí wọn ń yí gbiri.

Mo wá rò ó pé kí n fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn kọ́ wọn, mo sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lé e lórí. Ti ọmọ kan dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fún un ní máàkì 16 nínú 20, tí mo sì kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Òwe kún inú rẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ pé. Ohun tí ó sọ nípa òkìtì gan-an kò ju gbólóhùn kan lọ: pé kí ènìyàn fò, kí ó ju orí sẹ́yìn, yóò sì rí i pé ẹsẹ̀ ni òun fi dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ mìíràn tí kò ta òkìtì rí tẹ̀ lé ohun tí ó gbọ́. Ó ju orí sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ dáadáa. Ọrùn ni ó fi gúnlẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi gbé ọrùn gan-n-gan bí ẹni tí ó ru omi. Mo gba ìwé àròkọ náà padà, mo fi bíró pupa pa 16 náà rẹ́. Èmi tí mo kà á sókè ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó yọ máàkì kankan lára tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka irú àròkọ báyìí pẹ̀lú ojú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí. Kò rí ọ, kò lè bi ọ́ léèrè. Ohun tí o kọ nìkan ni ó ní lọ́wọ́. Àròkọ àwòkọ́ṣe nìyí.

BÍ A ṢE Ń TA ÒKÌTÌ Ẹ̀YÌN

Òkìtì títa kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí àwọn eégún onídán, tí a tún ń pè ní alárìnjó, ti ń fi í dá àwọn ènìyàn lára yá. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó wo eré wọn. Inú àpò ni àwọn òṣèré kan wà tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń ta òkìtì. Ní ayé òde òní, Ọbáfẹ́mi Martins, ọmọ Èkó, gbajúmọ̀ fún un bí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ẹni tí ó bá ń wo irú wọn yóò rò pé ara wọn ṣáà fúyẹ́ ni. Iṣẹ́ tí a kọ́ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé ni.

Ibi tí a óò ti kọ́ ọ ni kí a kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀ líle kò dára, kọnkéré ni ó burú jù. Lórí òkìtì èérún pákó ni èmi ti kọ́ ọ, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí a bá rí irú rẹ̀, kí a kọ́kọ́ fi igi gígùn tú u wò dáadáa, nítorí pé àfọ́kù pákó àti ìṣó a máa wà nínú rẹ̀, iná sì lè máa jó lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a rí i lókè. Iyanrìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú náà dára, bí ó bá jìn.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá ẹni méjì tí ó lágbára, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Wọn yóò fi ọwọ́ kan di ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ mú ní ìbàdí, wọn yóò sì fi ọwọ́ kejì sí ẹ̀yìn itan rẹ̀. Àwọn ni yóò gbé e yípo ní ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ojú rẹ̀ lè mọ bí ayé ti í rí nígbà tí ènìyàn bá dorí kodò. Kí wọ́n ṣe é títí ẹ̀rù yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà ní agbedeméjì yóò na ara tan-n-tan, kò ní lè yí mọ́, orí tàbí ọrùn ni yóò sì bá dé ilẹ̀.

Wàyí o, ó kan fífò. Kí ó dúró ṣánṣán, kí ó gbé apá méjèèjì sókè. Kí ó fà wọ́n wálẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ó ti ń tẹ orúnkún, kí ó sì fi agbára jù wọ́n sókè padà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ti ilẹ̀. Òkè ni kí ó fò sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Iwájú ni kí ojú rẹ̀ máa wò títí ẹsẹ̀ yóò fi kúrò nílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìṣe, nítorí ìkánjú: wọn a ti ju orí sẹ́yìn kí wọ́n tó gòkè. Ẹni tí ó bá fò dé ìwọ̀n ìdajì mítà kò ní lò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ìdá 10 ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó balẹ̀. Bí ó bá fò ní ìdajì èyí, ibo ni yóò ti rí àyè yí?

Bí ó bá ti gòkè ni kí ó fa orúnkún wá sí àyà, kí ó ká jọ bí ọmọ tí ó sùn nínú ọyẹ́. Bí ara bá ti ká jọ tó ni yóò ṣe yára yípo tó. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti rí ilẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ó kan ilẹ̀, kí orúnkún sì tẹ̀ díẹ̀ láti gba ìwúwo ara. Kí ó má ṣe na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Ọrùn ọwọ́ a máa kán bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ó rí lórí omi. Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan a máa so pátákó mọ́ ẹsẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì yóò sì máa fi okùn fà wọ́n lọ. Ìgbì tí ọkọ̀ náà ń dá sẹ́yìn ni wọ́n ń gùn sókè láti ta òkìtì. Ẹni tí ó bá yí kí ìgbì tó gbé e dé òkè, tàbí tí ó jẹ́ kí okùn fa ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ìbàdí, ojú tàbí ẹ̀yìn ni yóò fi lu omi, omi tí a bá fi eré lù kì í sì í ṣe ohun rírọ̀.

Bí ó bá yá, àwọn méjì tí ó dúró yóò rí i pé àwọn kò gbé ìwúwo kankan mọ́. Ọ̀kan yóò kọ́kọ́ mú ọwọ́ kúrò, èkejì yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọn kò ní kúrò nítòsí. Èmi kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára mi.

Kíyè sí i pé ìtàn Clapperton àti ti agbábọ́ọ̀lù kò gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ìdánwò kò bi ọ́ ní ìtàn òkìtì. Ibi kíkọ́ àti àwọn tí yóò dúró tini ni mo fi ṣáájú fífò, nítorí ẹni tí ó bá ti ka fífò tán lè má dúró ka èyí tí ó kù. Mo sì sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ ìdí kì í tètè fo nǹkan. O kò rí òwe kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn òwe, ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tí òwe ọjọ́sí dá sílẹ̀ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó lè kó àwọn olùyẹ̀wò lójú pọ̀. Òkìtì tí a ń ta àti òkìtì tí í ṣe ohun tí a kó jọ gègèrè, irú èyí tí ó wà nínú orúkọ ìlú Òkìtìpupa, bákan náà ni a ń kọ wọ́n. Èyí ni mo ṣe kọ “òkìtì èérún pákó” ní kíkún.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ lórí bí a ṣe ń se oúnjẹ kan nílé yín. Kà á fún àbúrò rẹ tí kò sè é rí, kí ó máa ṣe ohun tí o kà. Má ṣe là á yé e, má ṣe fi ọwọ́ júwe. Ibi tí ó bá ti dúró, tí ó ń wo ojú rẹ, fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà.