«Sensible» àti «sensitive»: ọ̀nà Yorùbá ló yá

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí ń da àwa tí a fi Faransé kàwé láàmú púpọ̀. Orísun kan náà ni wọ́n ní, ìyẹn «sentire» ti Látìnì, tó túmọ̀ sí kí a mọ nǹkan lára. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, wọ́n ti pínyà. «A sensible girl» ni ọmọbìnrin tó ní làákàyè. «A sensitive girl» ni èyí tí ọ̀rọ̀ tètè máa ń dùn. Faransé ló ń tàn wá: «sensible» tirẹ̀, «sensitive» ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. «Sensé» tàbí «raisonnable» ló sún mọ́ «sensible» Gẹ̀ẹ́sì.

Lójú tiwa, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Yorùbá. Bí ẹ bá lè sọ pé «ó ní làákàyè» tàbí «ó bọ́gbọ́n mu», ẹ kọ «sensible». Bàtà pàápàá lè jẹ́ «sensible», bí ó bá ṣeé rìn dáadáa, ì báà má wuyì. Bí «tètè» bá ti wọ inú gbólóhùn yín, «sensitive» ni: awọ ara tó tètè ń yún, ojú tí ìmọ́lẹ̀ tètè ń ni lára, òṣùwọ̀n tó tètè ń mọ ìyàtọ̀ kékeré. (Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún «sensitive information», ọ̀rọ̀ àṣírí tó gba ìṣọ́ra.)

Nínú ọ̀rọ̀ ìwòsàn, «sensitive» nìkan tó dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ «sensitive to penicillin» nípa kòkòrò àrùn, kòkòrò tí oògùn náà ń pa ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ nípa aláìsàn, ẹni tí oògùn náà ń pa lára ni. Ti àkọ́kọ́, ẹ lè fún un; ti èkejì, ẹ má dán an wò. Ẹni tó ń túmọ̀ fún àwọn ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó tan mọ́ wọn kò tún gún régé. «Sensibility» kò tẹ̀lé «sensible». Nínú orúkọ ìwé tí Jane Austen tẹ̀ jáde ní 1811, Sense and Sensibility, «sense» ni làákàyè, «sensibility» sì ni ọkàn tí nǹkan tètè ń wọ̀. «Insensible» ńkọ́? Faransé ń fi pe ẹni tí ìyà ẹlòmíràn kì í ká lára. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nípa ọ̀gá yín, wọ́n lè rò pé ó ti dákú.