Edentulous: Akáyín tàbí Aláìléyín?

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì yìí ti wá: e- túmọ̀ sí 'kúrò', dens sì túmọ̀ sí 'eyín'. Àwọn oníṣègùn eyín ni ó ń lò ó jù lọ, fún ẹnu tí eyín rẹ̀ ti ká.

Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'aláìléyín', ìtumọ̀ yóò fẹ̀ jù. Ọmọ tuntun kò léyín, ṣùgbọ́n kì í ṣe akáyín. Ohun tí kò tí ì hù kò lè ká. Sùúrù nǹkan bí oṣù 6 ni ti ọmọ. Eyín àtọwọ́dá ni ti akáyín. Àkọsílẹ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, 'akáyín' ni ó yẹ: 'akáyín pátápátá' bí eyín kankan kò bá kù, 'akáyín lápá kan' bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù.