Ọmọ Mi Ń Bèèrè Bóyá Òjóró Ni Tobi Amusan Ń Ṣe

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ràn eré sísá púpọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn tó Tobi Amusan, eléré onífífo wa. Láti ọjọ́ tó ti rí fídíò eré tí Tobi sá ní Oregon ló ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Àpótí ìdáná la fi ń ṣe igi tó ń fò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan tó ti wà ní girama sọ fún un pé oògùn ni gbogbo wọn ń lò, pé wọ́n ti mú Blessing Okagbare tó ń sáré bíi ti Tobi, wọ́n sì ti fẹ̀sùn kan Tobi náà rí. Ẹkún ni ọmọ mi sun wọlé. Ó ní, “Màmá, ṣé òjóró ni Tobi ń ṣe ni?” Mo dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé àwọn òyìnbó ni kò fẹ́ ká gbé ògo. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ní kí n já àwòrán náà dànù, pé ẹni tí a kò mọ̀ délé kọ́ ló yẹ kí ọmọ máa wò kọ́ṣe. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò fò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń gbá bọ́ọ̀lù. Kóòṣì rẹ̀ ní ká dín ọdún méjì kù nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè bá àwọn kékeré díje. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gbà. Ǹjẹ́ ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹkún tí ọmọ yín sun kì í ṣe ẹkún kékeré, inú mi sì dùn pé ẹ ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ òjóró dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta sùwè, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tẹ ilà tó sì ní òun kò tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ orí yìí, ẹni rere jẹ́ ẹni rere pátápátá lójú ọmọ, ẹni burúkú náà sì burú látòkè délẹ̀. Torí náà, nígbà tó ń bi yín bóyá òjóró ni Tobi ń ṣe, ìbéèrè méjì ló bi yín pa pọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ̀ tó ti ń yọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, lórí asán ló ti ń yọ̀ ọ́. Ìdáhùn tiyín àti ti bàbá rẹ̀ kò kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni kò wádìí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà onífífo ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Obìnrin kankan kò tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí lágbàáyé. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ ló kéde lórí Instagram pé àjọ Athletics Integrity Unit, tó ń ṣọ́ ìwà àwọn eléré orí pápá, ti fẹ̀sùn kan òun. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára rẹ̀. Wọ́n ní àyẹ̀wò mẹ́ta ló fò ó láàárín oṣù 12.

Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ, yóò gbádùn rẹ̀. Eléré tó bá ti dé ipò Tobi gbọ́dọ̀ kọ ibi tí yóò wà sílẹ̀ fún àwọn alàyẹ̀wò, kó sì mú wákàtí kan lójoojúmọ́ tí wọ́n lè bá a níbẹ̀. Wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá. Wọ́n lè kan ilẹ̀kùn ní ìdájí, nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń sùn, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wá tí wọn ò bá a, tàbí tí ohun tó kọ sílẹ̀ kò tọ̀nà, wọ́n á kà á sí i lọ́rùn. Tó bá di mẹ́ta láàárín oṣù 12, ẹjọ́ ti dé nìyẹn, kódà bí kò bá fẹnu kan oògùn kankan láyé rẹ̀. Òfin náà le, ó sì nídìí: ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́, sísá fún àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ Tobi, wọ́n sì dá a láre ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Budapest. Ó lọ, ó sáré. Wọ́n tún gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbà fún eré ìdárayá ní Lausanne, ní Switzerland. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ yẹn náà kò dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ fún un báyìí: “Ọmọ mi, àwọn kan ní Tobi rú òfin. Àwọn adájọ́ gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n gbọ́ tẹnu Tobi, wọ́n sì ní kò jẹ̀bi.” Òótọ́ ni, kò sì gùn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi, pé a máa ń dúró gbọ́ ẹjọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà, ọmọdé náà lè gbọ́ ìyẹn yé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ká a mọ́ ibi tí kò ṣẹ̀ sí rí nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ìyá wa, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìbínú ló mú yín sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ilé wa ló bí i, ó sì rọrùn láti sọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìdíje Olympics ní Sydney lọ́dún 2000. Nínú eré 4x400 mítà tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, Amẹ́ríkà gba wúrà, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong gba fàdákà fún Nàìjíríà. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun lo oògùn. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún Nàìjíríà ní ọdún 2012. Òfin kan náà tí ẹ sọ fún ọmọ pé ìkórìíra ni, òun ló dá ẹ̀tọ́ wa padà fún wa.

Ìtàn yẹn ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ má ṣe yára. Kí ẹ sọ ti Michael Johnson, ará Amẹ́ríkà tó gbé ọ̀pá náà dópin. Wọn ò fẹ̀sùn kan òun, síbẹ̀ nígbà tí Pettigrew jẹ́wọ́, ó ní òun yóò dá wúrà tòun padà, nítorí kò tọ́ sí wọn. Kí ẹ sì sọ ti Sunday Bada. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Oṣù díẹ̀ péré ló kù kí wọ́n kéde pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ni wúrà. Kò gbọ́ ọ. Ọmọ yín lè sunkún níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ohun tí òjóró ń ṣe fún ọmọlàkejì nìyẹn, ó sì dára kó mọ̀ ọ́n lára èèyàn tó ní orúkọ. Bí a bá kàn ń tẹnu mọ́ ọn fún ọmọ pé òjóró kò dára, etí rẹ̀ kò ní gbà á ju bó ṣe ń gba “fọ eyín rẹ” lọ.

Tobi pàápàá ti jìyà irú rẹ̀. Ní Birmingham lọ́dún 2022, ó wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tó gba wúrà fún wa nínú eré 4x100 mítà ní ìdíje Commonwealth. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ti lo ohun tí òfin kà léèwọ̀, wọ́n sì gba wúrà náà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ti Blessing Okagbare yàtọ̀ sí ti Tobi, ẹ má dà wọ́n pọ̀, ẹ má sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọmọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2021, ní ìdíje Olympics ní Tokyo, lọ́jọ́ tó yẹ kó sá ìpele tó kángun sí àṣekágbá 100 mítà, wọ́n dá a dúró nítorí ohun tí àyẹ̀wò rí lára rẹ̀. Ní ọdún 2022 wọ́n fòfin dè é fún ọdún 10, ọdún 5 nítorí oògùn, ọdún 5 nítorí pé ó kọ̀ láti bá àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n tún fi ọdún kan lé e. Ẹni yìí kan náà ló fò jìnnà ní ìdíje Olympics ní Beijing lọ́dún 2008 tó gba idẹ. Ní ọdún 2017 ni idẹ náà sì di fàdákà, nítorí pé wọ́n ká oògùn mọ́ ará Rọ́ṣíà tó gba fàdákà ọjọ́ náà. Òjóró ẹlòmíì ti jẹ ẹ́ níyà rí kí òun náà tó ṣe é.

Bí ọmọ bá bi yín pé, “Ṣé èèyàn burúkú ni?” ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ pé, “Ó ṣe ohun tó burú, ó sì ń jìyà rẹ̀.” Ọmọ tó bá gbọ́ pé ẹni tó ṣe àṣìṣe ti di èèyàn burúkú, ọjọ́ tí òun náà bá ṣe tirẹ̀, kò ní wá jẹ́wọ́ fún yín.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ “oògùn” náà. Nílé wa, oògùn ni ti ibà, oògùn sì ni ti babaláwo. Mo ti rí ọmọ tó kọ̀ láti mu parasítámọ́ọ̀lù nítorí pé ó gbọ́ pé oògùn ló ba ayé eléré kan jẹ́. Ẹ sọ fún un pé èyí tí dókítà fún aláìsàn kì í ṣe òjóró. Eléré tó ń ṣàìsàn náà lè lo oògùn, bí òfin bá fàyè gba oògùn yẹn tàbí bí ó bá ti gba ìyọ̀ǹda. Èyí tí à ń wí ni ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi ń wá agbára tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ má já àwòrán náà. Bí àgbà bá já a, ohun tí ọmọ yóò gbọ́ ni pé Tobi jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ kò sì jẹ̀bi ní tòótọ́. Mo gba ti bàbá rẹ̀ dé ààyè kan: a kò mọ bí Tobi ṣe ń gbé nílé rẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ fi gbogbo ọkàn lé ẹni tó ń rí nínú fóònù nìkan. Ṣùgbọ́n fífa ìwé ya kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ mú un lọ wo àwọn ọmọbìnrin ńlá tó ń sáré nílé ìwé girama, ẹni tó lè bi léèrè bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ṣubú. Bàbá rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó mú un lọ. Kí ó gbé àpótí ìdáná náà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó dúró wò ó. Bí ọmọ ò bá fẹ́ fò lọ́jọ́ náà, kó má fi ipá mú un.

Irú ìròyìn yìí á tún dé lọ́jọ́ kan, lórí Tobi tàbí lórí ẹlòmíì. Nígbà náà, ẹ sọ fún ọmọ pé, “Mi ò tíì mọ̀. Bí mo bá gbọ́ èyí tó dájú, n ó sọ fún ẹ.” Kí ẹ sì sọ ọ́ lóòótọ́, bí kò tilẹ̀ dùn.

Ó ku ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan kò bá èyí tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ mu. A sì pàdánù ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí à bá gbà lálejò, Portugal ló gbà á. Láti ọdún 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17. Ọ̀rọ̀ wa kò tíì dé ọ̀dọ̀ FIFA, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kan wà ní ìdíje yẹn tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí pé ọmọ yín gba àyè rẹ̀, ìyá tirẹ̀ náà á sì máa wò ó níbẹ̀. Ọmọ tiyín yóò máa fi agbára ọdún 13 borí àwọn ọmọ ọdún 11, kò ní kọ́ bí a ṣe ń fọgbọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tó bá pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, wàhálà dé. Ohun tó tún wá burú jù ni pé àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé, ó sì mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ bá bàbá wọn sọ ọ́ ní yàrá, ẹ má bá a sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ bá kóòṣì, kí ẹ mú ìwé ìbí lọ́wọ́, kí ẹ bi í pé ẹgbẹ́ wo ló wà fún ọmọ ọdún 13. Bí kò bá sí, ẹ wá pápá mìíràn fún un ní Ìbàdàn, wọ́n pọ̀.